Chakra ọkàn kì í ṣe oògùn ìfẹ́

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní olùkọ́ kan sọ fún ẹ pé chakra ọkàn rẹ (ojúkò agbára tí wọ́n gbà pé ó wà láyà èèyàn) ló dí tí ọkùnrin yẹn fi lọ, pé tó o bá sanwó kíláàsì ọ̀sẹ̀ méjìlá, á ṣí, "ìkejì rẹ láti ọ̀run" á sì padà wá. O wá ń béèrè bóyá bí ẹ̀sìn Híńdù ṣe kọ́ni nìyẹn.

Èmi náà ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, lọ́dún 2019, mo kó 640 pọ́n-ùn fún obìnrin kan tí n kò rí rí àfi lójú fóònù. Ó ní kí n máa wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, kí n máa gbé òkúta aláwọ̀ ewé lé àyà lálaalẹ́, kí n sì máa ro ojú ọkùnrin náà. Oṣù méje ni mo fi ṣe é. Nígbà tó yá, tí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé báyìí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Mo sọ fún un, inú ẹ̀ dùn, ó ní chakra ló ń ṣí yẹn! Àṣé ẹ̀jẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára mi. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀, àyà sì rọlẹ̀. Tí tìẹ náà bá ń lù bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, ọsíbítù ni kó o kọ́kọ́ gbà lọ.

Ẹni tó là mí lójú ni ìyá Gujarati kan, ará Íńdíà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Masi ni mo ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni lóbìnrin. Nígbà tí mo ròyìn àwọ̀ ewé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo lọ ka ìwé fúnra mi lẹ́yìn náà. Sat-Chakra-Nirupana, tí Purnananda kọ ní 1577 lédè Sanskrit, sọ pé òdòdó lótọ́ọ̀sì ló wà láyà, ewé rẹ̀ 12, pupa ni. Àárín rẹ̀ dà bí èéfín, torí afẹ́fẹ́ ló ni ibẹ̀. Ẹtu dúdú kan wà níbẹ̀, òun ló gbé "yam", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè nígbà àṣàrò. Àwọn òyìnbó ọ̀rúndún ogún ló to àwọ̀ òṣùmàrè lé àwọn chakra lórí.

Orúkọ chakra ọkàn yìí ló wọ̀ mí lára jù: Anahata, ohùn tí a kò lù. Àwa tá a mọ ìlù mọ̀ pé awọ kì í dún láìjẹ́ pé ọwọ́ tàbí ọ̀pá bà á. Èyí ń dún ní tiẹ̀ láìsí ọwọ́ tàbí ọ̀pá. Ìwé yẹn tún sọ pé ẹ̀mí èèyàn dúró níbẹ̀ bí iná fìtílà níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Mo ronú sí oṣù méje tí mo fi ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Iná tèmi ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà yẹn ni, mo sì ń pè é ní ìṣísílẹ̀ ọkàn.

Ní ti "ìkejì láti ọ̀run" yẹn: lókè kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná Masi, ojúbọ kékeré onípákó kan wà. Àwòrán kan wà nínú ẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n tẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ara kan ṣoṣo ni: lápá ọ̀tún, irun dàda, ejò lọ́rùn, awọ ẹkùn nídìí, lápá òsì, ọmú kan, ẹ̀gbà ọwọ́, sárì pupa. Ardhanarishvara ni, òrìṣà Híńdù tó ń jẹ́ Shiva àti Parvati ìyàwó rẹ̀ nínú awọ kan. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta nínú ihò Elephanta, lẹ́bàá Mumbai. Masi bi mí pé, "Èwo nínú wọn ló ń wá ìkejì ẹ̀ kiri?"

Mo ní tiwọn yé mi, tọkọtaya wo wá ni wọ́n ń ké pè kí ẹni tó lọ lè padà? Ó ní Krishna, ọ̀kan lára àwọn òrìṣà Híńdù, àti Radha olólùfẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń kọrin ìfẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, Krishna fi ìlú Vrindavan tí Radha wà sílẹ̀ lọ sí Mathura, ìlú méjèèjì kò sì jìnnà síra rárá. Kò padà wá bá Radha gbé. Síbẹ̀, títí di òní, "Radhe Radhe" ni àwọn ará Vrindavan fi ń kíra wọn: orúkọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni. Àárò tó mú un yẹn ni wọ́n sọ di ìjọsìn. Mi ò gba gbogbo ẹ̀sìn wọn o (mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi), àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju kíláàsì lọ.

Má sanwó yẹn. Tó o bá fẹ́ jókòó láàárọ̀, kó o máa mí, kó o pe "yam" wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ohùn ẹ̀ gba imú jáde, kò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Èmi ṣì ń ṣe é kí n tó sùn tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Ọkùnrin tèmi kò padà wá o. Òkúta yẹn wà lójú fèrèsé, òun ni mo fi ń tẹ ìwé owó iná mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.