Pánẹ́ẹ̀lì Tó Dípẹtà Lábẹ́ Ọ̀dà Ààbò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Iṣẹ́ títún ínfátà ṣe ni mò ń ṣe ní Àgbádárìgì, níbi tí atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí irin pẹ́ kó tó dípẹtà. Bí mo bá ti tún pánẹ́ẹ̀lì ṣe tán (pátákó inú ínfátà tí wọ́n jó àwọn ẹ̀yà iná mọ́, kì í ṣe ti sólà), mo máa ń fi sípírítì nù ún, màá sì fín ọ̀dà ààbò alágolo tí wọ́n ń pè ní conformal coating sí i. Àmọ́ méjì ti padà wá láàárín oṣù mẹ́rin: ọ̀dà náà ṣì ń dán, ṣùgbọ́n bàbà abẹ́ rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Ṣé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi? Ọ̀gá kan ní kí n kúkú máa lo ọ̀dà èékánná.
Atúnnáṣe, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Bí bàbà bá dípẹtà nígbà tí ọ̀dà orí rẹ̀ ṣì ń dán, ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kò sí èyí tí ọ̀rinrin kì í wọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn ọ̀dà tí à ń fín. Iṣẹ́ wọn ni láti lẹ̀ mọ́ bàbà pinpin débi pé ọ̀rinrin náà kò ní rí àyè kó jọ. Bí iyọ̀, òógùn ọwọ́, ìtọ̀ ọmọńlé tàbí ìyókù flux, ìyẹn oje tí à ń lò kí lẹ́ẹ̀dì lè lẹ̀, bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ọ̀rinrin yóò bá wọn pò di omi tí iná lè gbà kọjá, iná tó sì ń lọ láàárín ìlà bàbà méjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bàbà náà.

Sípírítì tí ẹ ń lò ń tú flux, ṣùgbọ́n agbára káká ló fi ń tú iyọ̀, iyọ̀ sì ni ọ̀tá yín létí òkun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ bátìrì, tí ẹ sì ti fi mítà rí i dájú pé iná inú kapásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, ti tán, ẹ fi omi bátìrì, èyí tí kì í ṣe ásíìdì, àti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ fọ pánẹ́ẹ̀lì náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fi isopropyl alcohol fọ̀ ọ́, kí ẹ da èyí tó mọ́ ṣàn án, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì láìṣàn kàn ń tẹ́ flux káàkiri ni. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbẹ ẹ́ dáadáa. Bí funfun bí ìyẹ̀fun bá hàn létí lẹ́ẹ̀dì tí ẹ jó, kò tíì mọ́ nìyẹn; ẹ tún un fọ̀.

Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹnu ìkìwáyà, relay (ẹ̀yà tó ń fi iná tan iná tàbí pa á) tí kò ní ìdérí àti ojú ibi tí transistor ti ń fara kan heat sink, irin tó ń gba ooru rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú ọ̀dà ààbò tí wọ́n ń pè ní acrylic ni, mìlímítà 0.03 sí 0.13 ni ó yẹ kó nípọn tó bá gbẹ. Ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa yí pánẹ́ẹ̀lì náà padà láàárín wọn, kí ọ̀dà lè dé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ má fín in nígbà tí òjò bá ń rọ̀: bí ọ̀dà ti ń gbẹ, ojú rẹ̀ máa ń tutù, ìrì á sẹ̀ sórí rẹ̀, á sì funfun bí omi ẹ̀kọ.

Àyẹ̀wò ni ọ̀pọ̀ ń fò, ó sì ń dùn wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà yìí ní èròjà tó ń tàn búlúù lábẹ́ iná ultraviolet, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ náírà wò. Ẹ pa iná ṣọ́ọ̀bù, ẹ tan iná ultraviolet náà, kí ẹ máa yí pánẹ́ẹ̀lì náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ṣókùnkùn, ọ̀dà kò dé ibẹ̀; ẹ wo ṣónṣó ẹsẹ̀ tí ẹ jó lẹ́ẹ̀dì sí dáadáa, torí ọ̀dà máa ń sá kúrò lórí ohun tó mú. Bí ọ̀dà bá fà sẹ́yìn di òrùka, òróró tàbí silicone ti kan ibẹ̀. Bí hóró afẹ́fẹ́ bá sì so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, ẹ yọ ọ̀dà ibẹ̀, kí ẹ tún un fín.

Ọ̀dà èékánná kì í ṣe ohun kan náà rárá. Nitrocellulose ló wà nínú rẹ̀, ó tètè ń gbiná, ooru ínfátà á sì mú un sán. Ní ti méjì tó padà wá, ẹ má fín ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́: ẹ fi thinner tó bá ọ̀dà náà mu yọ ọ́, ẹ ha ìpẹtà náà kúrò, kí ẹ fi mítà wò bóyá ìlà bàbà kan ti já, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ látorí omi bátìrì.