Àgádágodo kò fọ́, ilẹ̀kùn ló kúrò

Ìyá wa tó béèrè láti Àjàṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn irin sí yàrá ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ gbágùúdá, kí ẹ sì ṣe géètì sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ń wá àgbékọ́ tí ilẹ̀kùn fi ń yí lára férémù, èyí tí a ń pè ní pómẹ́ẹ̀lì lọ́jà, tí ọ̀pá inú rẹ̀ ṣeé yọ, kí ẹ lè gbé ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá fẹ́ jáde. Ẹ wá ní ṣé 120 ni kí ẹ rà àbí 140, ìyẹn gígùn rẹ̀ ní mílímítà. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka "ọ̀pá tó ṣeé yọ" yẹn ni àyà mi já, nítorí ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Kétu níbí.

Mo ní ilé kékeré kan tí mò ń kó àgbàdo sí. Síta ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, torí tó bá ń ṣí sínú, àpò á dí i. Ajórin tó bá mi ṣe é lo irú pómẹ́ẹ̀lì tí ọ̀pá rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá látòkè délẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tú u, òòlù kan àti ìṣó ńlá kan ti tó. Kò parọ́. Òòlù kan àti ìṣó kan náà ni àwọn olè fi tú u. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀kùn rọ̀ mọ́ àgádágodo bí aṣọ tó rọ̀ mọ́ okùn. Àgádágodo tí mo fowó gidi rà, ó tì pa, kò ní àpá kankan lára. Àpò mọ́kànlá ti lọ. Ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Títò tí wọ́n tò wọ́n yẹn ń bí mi nínú títí dòní. Wọn ò kánjú rárá.

Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ bi mí pé, ṣé wọ́n fọ́ àgádágodo? Mo ní rárá. Ó ní kò sí ìfọ́lé nìyẹn, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ṣí i. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Èmi àti àbúrò mi ni. Mo kó ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú àpò, mo kó wọn sórí tábìlì rẹ̀, mo ní ọ̀gá, ibí ni wọ́n gbà wọlé. Ó ní kí n kó irin mi kúrò lórí ìwé òun. Wọ́n ti àbúrò mi mọ́lé. Òru méjì ló sùn síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń gbé ẹ̀kọ lọ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, èmi sì jókòó síta lórí búlọ́ọ̀kù bí ẹni tó jalè. Ní ìlú Kétu wa yìí, ìlú tó ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, níbi tí àwọn baba wa ti mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni ogun ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣàlàyé fún ọlọ́pàá pé ilẹ̀kùn ní ẹ̀gbẹ́ méjì.

Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n tó rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá wo ibẹ̀. N kò bá a jiyàn. Mo mú òòlù, mo tú ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ lójú rẹ̀, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó gba ọ̀pá kan lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n fi àbúrò mi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ẹ máa bínú. Àbúrò mi kì í sì í bá mi dé ilé àgbàdo yẹn mọ́.

Nítorí náà, tí ilẹ̀kùn yín bá ń ṣí síta, tí pómẹ́ẹ̀lì sì hàn sí gbangba, ẹ ní kí ajórin gé irin onímílímítà 12, kí ó jó o mọ́ etí ilẹ̀kùn, níhà tí pómẹ́ẹ̀lì wà, kí ó yọ síta ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Kí ó wá lu ihò sí férémù ní ọ̀gangan rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, irin náà á wọnú ihò. Olè lè yọ gbogbo ọ̀pá kí ó kó wọn lọ sílé, ilẹ̀kùn ò ní kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ó kọ́kọ́ ṣí i, irin á jáde, kí ẹ tó yọ ọ̀pá. Ẹ ṣe méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi ni!

Ẹ̀yà kejì wà, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ dúró gbọin lára ìdajì ìsàlẹ̀, tí ẹ ó kàn gbé ilẹ̀kùn sókè kí ó tó yọ. Ìyẹn dára fún géètì. Ṣùgbọ́n géètì kò ní nǹkan kan lókè tó dí i, géńdé méjì lè gbé e sókè kí wọ́n sì gbé e sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ kékeré dí òkè pómẹ́ẹ̀lì kan, kí ẹ fi bóòtù dè é láti inú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó irin yẹn pa o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè yọ géètì mọ́. Irú èyí ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Ti ìpẹtà ńkọ́? Ẹ̀njìníà kan tó ya àwòrán ilé fún mi ní inọ́ks, irin tí kì í tètè pẹtà, nìkan ni kí n lò, gbogbo rẹ̀ pátá. Kò dájú pé ó ti fọwọ́ kan òòlù rí. Inọ́ks tó ń lọ ara wọn láìsí gíríìsì máa ń jẹra wọn, wọ́n á sì há mọ́ra. Kì í ṣe ìpẹtà tí ojú ń rí ló ń pa pómẹ́ẹ̀lì, ìpẹtà inú ihò ni. Ẹ wá èyí tó ní òrùka idẹ láàárín ìdajì méjèèjì, torí irin á máa yí lórí idẹ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti kí ọyẹ́ tó dé, mo máa ń yọ ọ̀pá, mo máa ń nù ún, mo máa ń fi gíríìsì tuntun sí i. Gíríìsì àtijọ́ tó ti pò mọ́ eruku ń lọ irin bí iyanrìn ni. Ẹ̀yin tó wà létí ọ̀sà, ẹ lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí wọ́n bá gbé irin tí wọ́n ti fi síńkì bò wá, kí ajórin fi ẹ̀rọ ha síńkì kúrò níbi tó fẹ́ jó, kí ó ṣe é ní gbangba. Èéfín síńkì ń mú kí ènìyàn máa gbọ̀n lálẹ́ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọmọṣẹ́ kan lo oògùn ibà sí i lójú mi, wọ́n tún ń fún un ní mílíìkì. Mílíìkì kì í ṣe oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọ̀dà alásíńkì kun ojú ibi tí wọ́n jó.

Ìbéèrè yín, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Páànù irin onímílímítà méjì, mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ wọn nǹkan bíi kílò 16. Tí abala géètì kan bá fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, tó ga tó mítà méjì, kílò 47 ni páànù nìkan, ẹ tún fi férémù kún un, ó lè tó 70. Tí àgbékọ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá jìnnà síra ní mítà kan àbọ̀, ti òkè ń fa òpó bíi kílò 35. Tí ẹ bá sún wọn mọ́ra dé ìdajì ìyẹn, ó di 70. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra. 140 ni kí ẹ rà fún géètì, mẹ́ta mẹ́ta lára abala kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta 120 á gbé ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ. Kí ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lójú ìlà kan, ajórin mọ ìyẹn.

Ẹ̀rọ yín á máa gbọn ilẹ̀kùn, ọ̀pá lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wò ó. Lọ́jà, ẹ fi ọwọ́ ti ọ̀pá bọ ihò níwájú ẹni tó ń tà á. Tó bá ń béèrè òòlù níbẹ̀, ẹ dá a padà. Kí ẹ sì ka òrùka idẹ. Mẹ́fà ni mo rà lọ́jọ́ kan, méjì kò ní, mo ti délé Kétu kí n tó mọ̀.