Ṣé Awò VR Ni Kí N Kọ́kọ́ Rà fún Kíláàsì Ìṣirò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní Mushin, ọmọ 48 ló wà ní kíláàsì mi. Àwọn òbí dá owó jọ, wọ́n ní kí n fi ra awò VR méjì. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má tíì rà á. Awò VR (virtual reality) ń bo ojú pátápátá, àwòrán inú rẹ̀ nìkan lẹni tó dé e ń rí: ọmọ méjì á dé e, 46 á máa wòran. Òòyì a sì máa kọ́ àwọn míì. AR (augmented reality) ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kámẹ́rà fóònù ló ń gbé àwòrán lé orí tábìlì tí gbogbo yín jọ ń wò.

Ibi tí pátákó ti ń tan ọmọ jẹ ni kẹ́ ẹ ti lò ó. Ẹ wo kóònù. Lórí pátákó, gíga tó dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó dagẹ̀rẹ̀ kàn jẹ́ ìlà méjì lásán ni. Ká ní láti àárín ìdí rẹ̀ dé etí jẹ́ 3, tí gíga jẹ́ 4, ẹ̀gbẹ́ á jẹ́ 5. Ohun tí inú rẹ̀ gbà jẹ́ 12π. Ọmọ tó bá fi 5 ṣe gíga á ní 15π. Èyí tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé 15π gan-an ni ìwọ̀n ara kóònù yẹn níta, láìka ìdí rẹ̀, nítorí náà ọmọ lè rí 15π lẹ́yìn ìwé kó rò pé òun gbà á.

Ẹ dáńlóòdù áàpù ìṣirò tó ń jẹ́ GeoGebra 3D Calculator, ọ̀fẹ́ ni. Tí òbí kan bá ní géèmù ni, ẹ sọ fún un pé ìkọ́ni ni Markus Hohenwarter ṣe GeoGebra fún láti 2001. Ẹ tẹ Cone((0,0,0),(0,0,4),3), kẹ́ ẹ fi Segment((0,0,0),(0,0,4)) fa gíga sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ AR. Tábìlì funfun tó ń dán máa ń da kámẹ́rà láàmú. Ẹ tẹ́ ańkárá alárànbarà sí i. Ìró olódòdó pupa ni mo fi ṣe é ní Yaba, kóònù náà sì dúró gbọn-in. Mo ní kí ọmọbìnrin kan máa gbé fóònù sún mọ́ ọn títí ó fi wọ inú rẹ̀. Ló bá pariwo: “Àṣé inú ni gíga wà!”

Ẹ pín wọn sí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Àwọn tó ń dúró de fóònù á fi páálí ṣe kóònù àti sílíńdà tí ìdí àti gíga wọn dọ́gba, wọ́n á fi ìrẹsì wọ̀n ọ́n: kóònù mẹ́ta ló ń kún sílíńdà kan. Ti ìdá àti ìpín kò nílò AR rárá, ọsàn tó.

Owó àwọn òbí, ẹ fi ra fóònù kejì àti pówà báǹkì. Kì í ṣe gbogbo Android ló ń ṣe AR, nítorí náà tẹ́ ẹ bá dé Computer Village, ẹ ṣí kóònù yìí lórí fóònù náà lójú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó.