Àbúrò ọlọ́ṣẹ dúdú, má ṣe bíi tèmi lọ́jọ́ òpó Màpó

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní ọṣẹ dúdú lò ń ṣe l'Óǹdó, wọ́n ti mú ẹ mọ́ àwọn tó máa ṣàlàyé òwò wọn níwájú àwọn tó ń fúnni ní gíráǹtì, owó ìrànwọ́ òwò tí wọn kì í gbà padà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kọ́nsọ́tántì tó ń bá ẹ ṣe é sì ní kó o yọ ìtàn kúrò, pé ìtàn kì í ṣe bísínẹ́ẹ̀sì. O wá ń bi wá pé tó o bá máa fi sí i, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni àbí ìparí. Má yọ nǹkan kan o jàre. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ.

Àdìrẹ lèmi ń ṣe n'Ìbàdàn. Kì í ṣe alábẹ́là tí wọ́n ń fi abẹ́là yíyọ́ ṣe o, ẹlẹ́kọ gan-an ni, èyí tá a máa ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ ọnà sí lára ká tó rì í sínú aró. Lọ́dún 2018 èmi náà wà níbi tó o wà yìí. Mo san ₦150,000 fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wọ kóòtù nínú oòrùn, ó bá mi kọ ìwé olójú ewé 43. Iye tí mo máa jèrè lọ́dún karùn-ún wà níbẹ̀, iye òṣìṣẹ́ tí mo máa gbà wà níbẹ̀, èmi tí mi ò mọ iye tí wọ́n máa ta èlú, ewé tá a fi ń ṣe aró, lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ó ní, "Màdáàmù, àwọn wọ̀nyí ò ráyè àlọ́ o, nọ́ḿbà ni kẹ́ ẹ kà fún wọn." Mo sì gbọ́.

Ọjọ́ pé, mo wọ ìró àti bùbá Ìbàdàndùn lọ sí Èkó. Tó ò bá mọ̀ ọ́n, Ìbàdàndùn ni èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Màpó sí, tí ṣíbí wà láàárín òpó sí òpó. Mo ń kà á lọ, mo dé ojú ewé kẹfà, màmá kan nínú ìgbìmọ̀ bá nawọ́ sí ìdí mi, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn nǹkan tó dúró gbọọrọ lára aṣọ yín yìí?" Mo wo ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n máa lọ. Mo ní, "Ọnà ni, mà." Mo bá padà sórí nọ́ḿbà.

Ọnà ni, mà! Ó ti lé lọ́dún márùn-ún, tí mo bá ń fọ abọ́ lọ́wọ́ mo ṣì máa ń dá màmá yẹn lóhùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé 1929 ni wọ́n ṣí Màpó sórí òkè yẹn, ilé ńlá olópòó gìrìwò, àwọn obìnrin aláró rí i, wọ́n yà á sáṣọ. Pé nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, wọ́n ya òun àtìyàwó ẹ̀ sáṣọ náà, Ọlọ́ba ni wọ́n ń pe ìyẹn. Pé aṣọ wa ni ìwé ìròyìn àwọn tí ò kàwé. Gbogbo ẹ̀ ò ní tó ìṣẹ́jú kan, mo sì mọ̀ ọ́n látòkèdélẹ̀, àmọ́ mo gbé e mì nítorí ẹni tí ò po aró rí láyé ẹ̀. Ojú màmá yẹn kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù wọn.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta gàrí ló gba owó yẹn. Nọ́ḿbà tiẹ̀ ò kún ojú ewé kan. Ó kàn sọ bí òjò ṣe pa gàrí ìyá ẹ̀ lórí lọ́rì, tí gbogbo ẹ̀ bu, tí wọ́n dà á nù lójú títì, pé ọjọ́ yẹn lòun bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rá tómi ò ní í wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá dárúkọ iye àpò. Gbogbo wa tá a wà níbẹ̀ la rí lọ́rì yẹn, èmi tó fẹ́ gba owó mọ́ ọn lọ́wọ́ gan-an rí i.

Wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìyá alágbàdo tó ń ké "láńgbé jinná o" mọ èyí, ó wá ku ẹni tó ń gba ₦150,000 tí ò ta àkàrà rí.

Àmọ́ irọ́ ńkọ́? Gbọ́ èyí dáadáa. Ní 2020 kọ́nsọ́tántì míì tún wá, òun ní ìtàn lòun mọ̀ ọ́n kọ, òun máa gbé mi sórí Instagram. Ó kọ ọ́ pé ìyá ìyá mi ló kọ́ mi láró látọmọ ọdún méje. Ìyá ìyá mi tó ta ẹ̀pà l'Ọjàaba títí tó fi kú! Ìtàn màmá Nike Òkúndayé, gbajúgbajà aládìrẹ nì, ló fẹ́ fi wọ̀ mí. Tiwọn jóòótọ́, ìyá ìyá ńlá wọn ló tọ́ wọn ní Ògìdì. Àǹtí mi tó wà ní London ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Màmá wo nìyẹn, màmá wa ẹlẹ́pà?" Gbogbo ayé rí i. Oníbàárà kan tó ti sanwó aṣọ ọ̀pá 12 gba owó ẹ̀ padà. Òótọ́ tèmi ni pé iṣẹ́ tíṣà bọ́ lọ́wọ́ mi, mo lọ bá ìyá kan n'Ítokú l'Ábẹ́òkúta, mo ba odidi ìkòkò aró kan jẹ́, ìyá yẹn ò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ méjì. Ìgbà tí mo sọ ìyẹn, tí mo sì fi han àwọn èèyàn bí aṣọ ṣe ń jáde látinú aró ní àwọ̀ ewé tó wá ń di búlúù bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, lọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Má sì sunkún fún wọn o, wọ́n á ṣàánú ẹ, wọ́n á sì fowó fún ẹlòmíì. Má sọ òṣùwọ̀n ẹ náà. Mo fẹnu ara mi sọ iye eérú àti iye ọjọ́ tí mo fi ń po aró ní gbangba, kò pé oṣù méjì tí ẹnì kan ládùúgbò mi fi ń ṣe é.

Fóòmù, ìforúkọsílẹ̀ òwò ní CAC, ìwé àṣẹ ọṣẹ lọ́wọ́ NAFDAC, ìyẹn ò le, o ti mọ̀ ọ́n.

Áà, mo ti gbàgbé ohun tó o bèèrè. Ìbẹ̀rẹ̀ ni. O kọ ọ́ fúnra ẹ pé èèpo kòkó tí bàbá ẹ ń dà nù lóko lo kọ́kọ́ fi jó eérú, pé ọṣẹ àkọ́kọ́ bó ọ lọ́wọ́. Bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, kó o wá sọ iye tó ò ń ná lórí ọṣẹ kan, iye tó ò ń tà á, iye tó ń kù. Gé ọṣẹ náà wẹ́wẹ́, fi lé wọn lọ́wọ́ kó o tó lanu. Kó o sì gbé abọ́ àti píọ̀ wọ́tà dání láti Òǹdó, má retí pé wọ́n á fún ẹ lómi níbẹ̀.