Wọ́n ní bátìrì hybrid mi ti kú torí mítà gbé 11.6, ṣé òótọ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mọ́tò hybrid ni mò ń wà, èyí tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀. Lánàá mo tẹ bọ́tìnì, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn lẹ́ẹ̀kan náà, pupa, yẹ́lò, ó ń ṣẹ́jú, mọ́tò ò sì dìde. Mẹkáníìkì gbé mítà sí bátìrì, ó rí 11.6, ó ní bátìrì hybrid ti kú nìyẹn, kí n tètè wá owó òmíràn. Àmọ́ mo ti gbọ́ rí pé bátìrì hybrid máa ń ju 200 fólùtì lọ, báwo ló ṣe wá di 11.6? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ bí mo ṣe lè máa tọ́jú ẹ̀ kó pẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. 11.6 yẹn, bátìrì kékeré ni wọ́n wọ̀n, wọn ò tiẹ̀ tíì dé ìdí bátìrì hybrid rárá.

Bátìrì méjì ló wà nínú mọ́tò yín. Kékeré yẹn, 12 fólùtì ni, bátìrì olójé bíi ti mọ́tò yòókù, inú búùtù ni wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ sí. Ńlá ni wọ́n ń pè ní bátìrì hybrid, sẹ́ẹ̀lì wẹẹrẹ ni wọ́n so pọ̀ tó fi di ńlá. Ẹ jẹ́ ká mú Prius, hybrid ti Toyota, tó jáde láàárín 2004 sí 2009: sẹ́ẹ̀lì kan ò ju 1.2 fólùtì lọ, mẹ́fà nínú ẹ̀ ló di módúùlù kan tó jẹ́ 7.2, wọ́n wá to módúùlù 28 tẹ̀ léra, ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀, 201.6 ni yóò bọ́ sí. Camry hybrid ti 2007 ní módúùlù 34, ìyẹn 244.8. Ibi tí 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ gbọ́ ti wá nìyẹn. Àwọn hybrid tó ń lo bátìrì lithium, sẹ́ẹ̀lì tiwọn ń lọ sí bíi 3.7 fólùtì, torí náà sẹ́ẹ̀lì wọn kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni iṣẹ́ tí kékeré yẹn ń ṣe. Òun kọ́ ló ń yí ẹ́ńjìnnì, bátìrì ńlá ló ń ṣe ìyẹn. Kékeré ló ń jí àwọn kọ̀ǹpútà, òun náà ló ń pa àwọn relay, ìyẹn àwọn súwíìṣì oníná, dé kí iná bátìrì ńlá tó lè wọlé, ẹ kàn rí i bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ ẹ̀, alágbára lè kún inú ilé, tí onítọ̀hún ò bá ṣílẹ̀kùn kò sẹ́ni tó máa jáde. Tí fólùtì ẹ̀ bá ti wálẹ̀, orí àwọn kọ̀ǹpútà á dàrú, oríṣiríṣi àmì á máa tàn, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé gbogbo mọ́tò ló ti bàjẹ́. Ẹ tún wò ó, mọ́tò lásán máa ń kìlọ̀, ẹ máa gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà tìrọ̀tìrọ̀ láàárọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí bátìrì tó kú pátápátá, hybrid ò ní ìyẹn, bátìrì kékeré lè ti gbó tipẹ́ kẹ́ ẹ má mọ̀, àfi ọjọ́ tó bá kọ̀ jálẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n dáadáa rèé. Ẹ pa mọ́tò, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, òru mọ́jú ló dáa jù. 12.6 sókè, ara ẹ̀ le. Ní 12.2, ó ti ń lọ sí ìlàjì. Tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 12, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́, 11.6 tiyín yẹn ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tẹ bọ́tìnì títí READY, àmì pé mọ́tò ti ṣe tán láti rìn, á fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ wọ̀n ọ́n padà, ó yẹ kó gòkè sí bíi 14. Hybrid yín ò ní alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń chájì bátìrì nínú mọ́tò lásán, bátìrì ńlá ló ń fún kékeré lóúnjẹ, kọnfátà kan ló ń já iná ọ̀hún wálẹ̀ sí 14. Tí READY bá tàn tí mítà ṣì dúró sí 12, kọnfátà yẹn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ má wọ̀n ọ́n níbi tẹ́ ẹ ti tẹ bọ́tìnì láìtẹ bíréèkì o, iná kàn ń jáde ni nígbà yẹn, kò sí èyí tó ń wọlé, nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí á tàn yín jẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò mìíràn jí i, ẹ wo ìwé mọ́tò yín, Prius ní ojú irin kan nínú àpótí fíúùsì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fún pọ́sítíìfù, ẹ wá fi nẹ́gátíìfù kan irin ara mọ́tò. Ẹ má ṣe gbé e sódì, iṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti ba nǹkan olówó ńlá jẹ́. Ẹ má sì fi hybrid yín jí mọ́tò ẹlòmíì, a ò ṣe bátìrì kékeré yẹn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá di pé ẹ ń pààrọ̀ ẹ̀, tí inú búùtù ló wà, irú tí wọ́n ń pè ní AGM tó ní ihò tí wọ́n ń ki páìpù afẹ́fẹ́ bọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, torí inú búùtù yẹn àti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, afẹ́fẹ́ kan náà ni.

Ó wá ku ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mítà sí i fúnra yín. Wáyà aláwọ̀ ọsàn yẹn, iná tó ń pààyàn ló wà níbẹ̀, àní tí wọ́n bá ti yọ plọ́ọ̀gì ààbò tán, ẹni tó mọṣẹ́ á ṣì wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà tó gba iná dúró, á sì dúró ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nọ́ńbà àpapọ̀ tiẹ̀ máa ń purọ́. Ká ní sẹ́ẹ̀lì kan kú pátápátá, 1.2 péré ló máa yọ kúrò nínú 201.6, ta ló máa fura? Skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà mọ́tò láti kà á, ló ń fi hàn. Nínú Prius yẹn kọ̀ǹpútà ń ka módúùlù ní méjì méjì, bulọ́ọ̀kù 14, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbi bíi 15 tàbí 16 fólùtì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa wo skánà bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ gáàsì: gbogbo wọn á jọ wálẹ̀, wọ́n á jọ gòkè, èyí tó bá dá já wálẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tó fi fólùtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀, òun lolè. Kóòdù àṣìṣe tí skánà sábà máa ń gbé jáde pẹ̀lú ẹ̀ ni P0A80. Wọ́n lè bá yín pààrọ̀ módúùlù kan ṣoṣo yẹn, kò burú, àmọ́ ojọ́ orí kan náà ni 27 tó kù, èmi ò ní fi ṣe ìdúró pé ó ti parí.

Tí báà bátìrì ò bá kún dé òkè lójú síkíríìnì, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, kọ̀ǹpútà ló mọ̀ọ́mọ̀ ń dá a dúró láàárín bíi 40 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún kó lè pẹ́. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí ni báà tó ń sáré gòkè sáré wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀tá ẹ̀ gangan ni ooru. Fáànù kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ inú mọ́tò láti fi tu ú lára, ihò ẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń kó báàgì sí, tí eruku àti irun ajá á dí i pa. Ẹ máa nu ún, ẹ máa fọ fílítà ẹ̀, tí oòrùn bá mú ẹ tan AC torí bátìrì náà ń mu nínú ẹ̀. Nínú gósíloò ẹ má pẹ́ jù lórí N (níútírà), bátìrì ńlá kì í chájì níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí epo tán, mọ́tò á fi bátìrì ńlá rìn títí tó fi máa gbẹ, chájà tí wọ́n ń tà káàkiri ò sì lè gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa pa á tì, ẹ máa fi í sórí READY fún bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní báyìí, ẹ lọ chájì kékeré yẹn, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ ọ̀la. Tó bá tún ti já wálẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí READY bá tàn tí àmì pupa ò lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi skánà ka gbogbo bulọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan.