Èsì: Ṣé yìnyín ọ̀nà jíjìn lè kan Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bí yìnyín inú ife bá yọ́, omi ife kì í kún sí i. Kí ló wá dé tí wọ́n ní yìnyín tó ń yọ́ lè mú kí òkun ga?

Òtítọ́ lẹ sọ nípa ife. Yìnyín tó léfòó ti gba àyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá 9 nínú 10 rẹ̀ ló wà lábẹ́ omi. Àmọ́ ẹ wo ohun tí mo ṣe nílé lánàá: mo bu omi kún ife dé ẹnu, mo gbé asẹ́ lé e, mo kó yìnyín sínú asẹ́. Kò pẹ́ tí omi fi ń ṣàn sórí tábìlì. Yìnyín orí ilẹ̀ nìyẹn, irú èyí tó bo ilẹ̀ ní Greenland àti Antarctica, lápá àríwá àti gúúsù ayé. Bí ti Greenland nìkan bá yọ́ tán, òkun á fi bíi mítà 7 ga sí i. Kì í ṣe lọ́la o, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀. Omi òkun fúnra rẹ̀ náà ń wú bó ṣe ń gbóná.

Ẹ má sọ pé a ò sí létí òkun. Ọ̀sà wa ń bá òkun pàdé ní Kútọnù, lójú omi tí wọ́n gbẹ́ ní 1885. Bí òkun bá ga, omi iyọ̀ á wọlé, omi òjò ò sì ní rọ́nà jáde bọ̀rọ̀. Àwọn tó kọ́lé sẹ́bàá ọ̀sà ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tí odò Wèmè (Ouémé), tó ń ṣàn wọ ọ̀sà, bá kún.