Láti Abẹ́òkúta lọ sí Àbújá: ṣé kí a háyà bàálù ni, àbí kí a ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀gbọ́n wa tí ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Ìbarà béèrè bóyá ó bọ́gbọ́n mu kí àwọn olùdarí márùn-ún háyà bàálù kékeré láti máa lọ ṣe ìpàdé ní Àbújá, kí wọ́n sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé bàálù elérò, èyí tí gbogbo ayé ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀, ti já wọn kulẹ̀ léraléra. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wọ bàálù elérò lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà wa ní ìlú òkèèrè. Díẹ̀ nínú wọn lówó débi pé bàálù tí wọ́n háyà ni wọ́n fi ń gbé àwa náà káàkiri, nítorí náà mo ti jókòó nínú irú méjèèjì, mo sì ti rí ìwé ìnáwó tí wọ́n kọ lé wọn lórí. Bó bá jẹ́ Àbújá nìkan ni, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ háyà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àkókò yín ń lọ. Láti Ìkẹjà dé Àbújá, nǹkan bíi wákàtí kan ni bàálù ń lò lójú òfurufú. Jẹ́ẹ̀tì kékeré elérò mẹ́jọ, irú Hawker 800, ń sáré tó nǹkan bíi 800 kìlómítà ní wákàtí kan, eré tí Boeing 737 tí gbogbo ayé ń wọ̀ náà ń sá nìyẹn. Kódà ATR 72, èyí tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò tó sì ń sá nǹkan bíi 500, kò ní fi ju ìdajì wákàtí lọ pẹ́ jù wọ́n lọ ní ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ọjọ́ yín ń ṣòfò sí: ní Ewékorò, ní Ìfọ̀, ní Sàngó-Ọ̀tà, àti lórí àga ìdúró ní pápákọ̀ òfurufú. Bàálù tí ẹ háyà kò ní tún ọ̀nà Sàngó ṣe fún yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èrò kò rò ni pé bàálù kan náà ló ń ṣiṣẹ́ káàkiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èyí tí yóò gbé yín kúrò ní Èkó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè ti lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mejì, kó sì ti yà sí Port Harcourt tàbí Kánò láàárín. Bó bá pẹ́ ní ogójì ìṣẹ́jú láàárọ̀ nítorí epo tí kò tètè dé, gbogbo ìrìn tó kù yóò máa jogún ìpẹ́ náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa kò sì ní bàálù tó dúró lásán tí wọ́n lè fi dípò, ogójì ìṣẹ́jú àárọ̀ lè di wákàtí mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ra èyí tó kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀, nítorí pé bàálù náà ti sùn sí Èkó mọ́jú, kò sí ìrìn ẹlòmíràn tó ń dúró dè. Fún àwa ará Abẹ́òkúta, èyí túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ sùn sí Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọkọ̀ ojú irin láti ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Láderin dé Agége rọrùn fún ìrọ̀lẹ́ yẹn, torí Agége kò jìnnà sí pápákọ̀, ṣùgbọ́n ti àárọ̀ kì í tètè dé tó fún bàálù àkọ́kọ́. Owó hótẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan fún èèyàn márùn-ún kò tó ohun tí à ń fi wé háyà rárá.

Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu bàálù háyà, nítorí ó ní adùn tirẹ̀. Ẹ ó wa ọkọ̀ yín dé ẹnu háńgà, wọn yóò yẹ ẹrù yín wò wéré, ẹ ó sì gbéra láàárín ìdajì wákàtí. Bí ìpàdé bá sì fà gùn, bàálù yóò dúró dè yín. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí owó kò lè rà. Bí Ààrẹ bá ń gbéra ní Àbújá, wọn yóò ti òfurufú pa fún olówó àti tálákà. Àwọn pápákọ̀ kan ní ilẹ̀ wa kò ní iná alẹ́, bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n ti tì nìyẹn. Èyí tó wá burú jù ni ọyẹ́. Nígbà tí eruku Sàhárà bá bo ilẹ̀, tí páílọ́ọ̀tì kò sì lè rí jìnnà tó ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, kò gbọdọ̀ balẹ̀, ì báà gbé èèyàn mẹ́jọ tàbí àádọ́jọ. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ ńlá tó ní ẹ̀rọ tó péye, tí awakọ̀ rẹ̀ sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, ló máa ń rí ọ̀nà balẹ̀ kí ọkọ̀ kékeré tó rí i.

Mo rí i lọ́jọ́ ọyẹ́ kan tí oníbàárà wa kan, ẹni tó sanwó háyà, dìde sí páílọ́ọ̀tì pé kó gbé àwọn kúrò ní Èkó báyìí báyìí, nítorí pé òun kò sanwó kí òun lè wá jókòó. Ọ̀gbẹ́ni náà fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ má bínú sà, a ò ní lọ.” Ó sì jókòó tì wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù ẹni tó sanwó ju ojú ọjọ́ lọ, nítorí pé nínú bàálù elérò, kò sí èrò kan tó lè dé iwájú awakọ̀ láti pàṣẹ fún un. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2024, hẹlikópítà tí wọ́n háyà já ní aṣálẹ̀ California, ó sì gba ẹ̀mí Herbert Wigwe tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Access Holdings, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ tó bá wọn rìn, àti àwọn awakọ̀ méjì. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà fi yé wa pé páílọ́ọ̀tì ń bá ìrìn nìṣó nínú ojú ọjọ́ tí kò jẹ́ kó ríran, títí tí kò fi mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá máa háyà, kí ẹ fẹnu kò láàárín ara yín ṣáájú pé ọ̀rọ̀ páílọ́ọ̀tì labẹ gé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún alágbàtà tó ń pe owó pọ́ọ́kú. Oríṣi ìwé àṣẹ méjì ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìn òfurufú ní Nàìjíríà, ń fún àwọn tó ní jẹ́ẹ̀tì. AOC ni ti ẹni tó lè gba owó lọ́wọ́ èrò. PNCF wà fún ẹni tó ń fi bàálù ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń fi bàálù PNCF ṣe háyà ní bòókẹ́lẹ́. Lọ́dún 2024, NCAA dá ìwé àwọn mẹ́ta dúró nítorí rẹ̀, mínísítà Festus Keyamo sì gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni ìbánigbófò: bí nǹkan bá ṣe bàálù tó ń ṣe ohun tí ìwé rẹ̀ kò gbà láyè, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò lè kọ̀ láti sanwó. Nígbà tí mo béèrè ẹ̀dà AOC lọ́wọ́ alágbàtà kan tó fẹ́ ṣe é fún wa ní ẹ̀dínwó, kò gbé ìpè mi mọ́.

Ní ti owó, háyà bàálù dà bí ìgbà tí a háyà bọ́ọ̀sì lọ sóde ìgbéyàwó: àlọ tiyín, àbọ̀ tiyín, ìdúró náà tiyín. Bí bàálù bá wà ní Àbújá lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin náà ni yóò san epo tí yóò fi wá bá yín lófìfo. Èèyàn márùn-ún nínú àga mẹ́jọ kò lè pín iye yẹn kó fẹ́ẹ̀rẹ́.

Bí bàálù elérò bá tún pẹ́, ẹ má kàn máa kẹ́dùn. Òfin NCAA sọ pé bí ìrìn abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ó yẹ kí wọ́n fún yín ní ìpanu. Bó bá kọjá wákàtí méjì, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba gbogbo owó yín padà. Bó bá wọ ààrin aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, ilé ìtura àti ọkọ̀ tó ń gbé yín débẹ̀ di tiwọn. Mo ti dúró níwájú káńtà nídajì òru rí, tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan kàn ń wí pé ìṣòro iṣẹ́ ni. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin náà fún un látorí fóònù mi ni wọ́n rántí pé àwọn ní hótẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí n óò fi yí ìmọ̀ràn mi padà ni bí ẹ bá ní ìlú mẹ́ta láti dé lọ́jọ́ kan, pàápàá àwọn ìlú Àríwá tí bàálù elérò kì í ti Èkó lọ tààrà, tí ẹ sì pé méje tàbí mẹ́jọ. Nígbà náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè wá gbé yín ní pápákọ̀ Gateway tó wà ní Ìpẹru, kí ẹ lè gba Ṣíún bọ́ sí Ṣàgámù dípò Ìkẹjà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ owó wíwá bàálù síbẹ̀ sínú iye tí wọ́n bá pè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Fún ìpàdé Àbújá, ẹ fi sí aago mọ́kànlá, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ tí kì í ṣe ti bàálù tó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà.